Ìborùn Faridah Lórí Gíláàsì

Gafar fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí lélẹ̀ ná kí á tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ ròyìn lè mú kí ẹ sọ pé irọ́ ni. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń jowú rẹ̀, ìfẹ́ àti owú yìí sì jọ ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé méjì tí ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ń dáná, èkejì á dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́.

Kì í ṣe owú pé ọkùnrin mìíràn ń wò ó. Ìyẹn ì bá tiẹ̀ rọrùn, àwọn ọkùnrin mọ bí wọ́n ṣe ń bínú sí ìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin náà ló ń jowú.

Iṣẹ́ kan náà ni tọkọtaya yìí ń ṣe. Lọ́dún 2004 tí mò ń sọ yìí, Gafar àti Oyèṣọlá jọ ń ṣe ìwádìí fún oyè dókítà lábẹ́ Prọ́fẹ́sọ̀ Akínbíyì, ní ẹ̀ka físíìsì yunifásítì kan nílùú Èkó. Alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ní òkè pátápátá nínú ilé alájà méjì kan, àwọn àti Faridah, ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Gafar, ọmọ Ọ̀yọ́ ni Oyèṣọlá, àwọn méjèèjì sì máa ń bá ara wọn jà lórí ìlú tí wọ́n ti mọ ọ̀bẹ̀ sè.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé bí ẹ bá ní sùúrù díẹ̀. Omi kan wà tí wọ́n ń pè ní kírísítà olómi. Ó ń ṣàn bí òróró, ṣùgbọ́n àwọn ègé tínńtín inú rẹ̀ máa ń tò, wọ́n á kọjú síbì kan náà bí àwọn tí ń kírun. Òun ló ń gbé nọ́ńbà jáde lójú kakulétọ̀ àti lójú fóònù tí ẹ ń tẹ̀. Bí ẹ bá pò ó mọ́ irú gọ́ọ̀mù kan tí oòrùn ń mú le, tí ẹ sì fi í sáàárín gíláàsì méjì, bí gọ́ọ̀mù náà ṣe ń le ni omi náà á máa yapa kúrò lára rẹ̀, á sì di ẹ̀kán kéékèèké tí gọ́ọ̀mù há mọ́ inú. Gíláàsì náà á funfun bí omi ògì. Ẹ wá fi iná sí i: àwọn ẹ̀kán náà á kọjú síbì kan náà, gíláàsì á sì mọ́ kedere bí ẹni pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ pa iná: omi ògì tún dé.

Iná yìí gan-an ni ìṣòro wọn. Nǹkan bí ọgọ́ta fóltì ni gíláàsì wọn ń jẹ kó tó mọ́, ibo la sì ti fẹ́ rí ọgọ́ta fóltì nílùú tí NEPA ti ń ṣe bó ṣe wù ú? Prọ́fẹ́sọ̀ Akínbíyì ń lá àlá pátákó gíláàsì kan tí yóò dúró lẹ́nu ọjà Mile 12, tí yóò máa sọ iye tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà lónìí fún ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí bátìrì kékeré kan yóò sì tó o lo láti àárọ̀ dalẹ́.

"Fifteen volts," ni ó wí fún wọn nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tí gíláàsì ẹ̀ bá kọ́kọ́ mọ́ ní fifteen tàbí kó dín, tó sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì níṣojú mi, orúkọ ẹ̀ ló ń lọ sí Japan. Two years. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa o. Ẹ má wá sọ fún mi pé tọkọtaya ni yín."

Oyèṣọlá rẹ́rìn-ín. Gafar náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

Ohun tó ń dùn ún ni pé òun ló mú obìnrin yìí wọ iṣẹ́ náà. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka mítà nígbà tó wà ní ọdún kejì. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀mú mú gíláàsì kí àmì ìka má baà wà lára rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni Gafar ti lò nídìí kírísítà, Oyèṣọlá kò tíì lò ju mẹ́rin lọ. Síbẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá jọ wọlé, Prof á na ọwọ́ méjèèjì, "Madam Oyèṣọlá! Kí ló ṣẹlẹ̀ sí sample ọjọ́sí?" Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí Gafar, á ní, "Ẹ̀ẹ́n, Gafar, ṣé kò sí wàhálà?" Ní ìpàdé kan báyìí, Gafar ń fi pẹ́ńsù fa ìlà kéékèèké sẹ́yìn ìwé, ó ń ka iye ìgbà tí Prof dárúkọ ìyàwó òun. Ó jẹ́ ìgbà mẹ́rìnlá. Tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì náà sì ni pé kó bá wọn ti ilẹ̀kùn.

Owú kì í mọ ohun tó tó owú. Ọwọ́ Oyèṣọlá kì í gbọ̀n bó bá ń gbé gíláàsì kan lé èkejì, Gafar sì ń jowú ọwọ́ náà. Afẹ́fẹ́ kì í há sínú gíláàsì rẹ̀, ti Gafar máa ń ní ihò kéékèèké bí ojú àkàrà. Bí Oyèṣọlá bá ń nu gíláàsì, a máa fi imú kọrin. Gafar á ní, "Mummy Faridah, ariwo yìí náà ńkọ́?" Kò sì sí ariwo kankan.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ náà. Fìtílà tó yẹ kó máa mú gọ́ọ̀mù le ní yàrá ìwádìí ti jó láti ọdún tó kọjá, kò sì sí ẹni tó ra òmíràn. Oòrùn ni wọ́n wá ń lò. Lórí pèpéle táńkì omi ilé wọn ní Alápẹ̀rẹ̀, níbi tí òjìji ilé kankan kò dé, wọ́n á tẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan, gíláàsì á wà lórí rẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gééré, wọ́n á sì gbé e kúrò. Prof ti fi òfin kan kọ́ wọn títí ó fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn: "Ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ìyókù, bó ṣe rí lánàá ni kó rí lónìí." Ẹ bá mi di òfin yìí mú, a máa padà sí i.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tán tí oòrùn sì ń ta èèyàn lórí. Oyèṣọlá ti po àpòpọ̀ tuntun kan, ó sì ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ sọ pé eléyìí á ṣe é. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju bí Gafar ṣe lè fara dà lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ gíláàsì sórí pákó ni Ìyá Ajarat, ìyàwó onílé, pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Mummy Faridah! Omi ti dé o! Ẹ tètè gbé kẹ́ẹ̀gì yín wá!"

Ọjọ́ kẹrin rèé tí ẹ̀rọ kò ti yọ omi. Oyèṣọlá wo gíláàsì, ó wo ìsàlẹ̀.

"Daddy Faridah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí i. Ten minutes péré, kí ẹ gbé e sábẹ́ òjìji. Mò ń bọ̀ báyìí."

Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Ó wá ku Gafar àti gíláàsì.

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kò sí ihò kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó tẹ́jú, ó dán, ó dà bí ohun tí wọ́n gbé ti òkè òkun bọ̀. Ó rí ìyàwó rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ó rí ara rẹ̀ tó ń gbé àpótí fún un, ó gbọ́ bí àwọn ènìyàn Ìsẹ́yìn yóò ṣe máa bi í pé kí ló ń ṣe nílé tí aya rẹ̀ fi wà lókè òkun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí okùn, ìborùn funfun tí Faridah fi ń lọ ilé kéú ń gbẹ. Méjì ni ọmọ náà ní. Ọ̀kan wà lórí rẹ̀ níbi tó lọ, èkejì nìyí.

Gafar kò sọ fún ara rẹ̀ pé, "Mo fẹ́ ba iṣẹ́ ìyàwó mi jẹ́." Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kì í sọ ọ́ tán nínú ọkàn ara rẹ̀. Ó kàn ká ìborùn náà kúrò lórí okùn, ó sì tẹ́ ẹ bo gíláàsì náà bí ìgbà tí wọ́n ń da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Oòrùn kò ní ráàyè mú gọ́ọ̀mù le. Á rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀. Oyèṣọlá á rò pé àpòpọ̀ òun ni kò dáa, á sì fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó fara pa.

Èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ náà. Ogójì ìṣẹ́jú ni Oyèṣọlá lò kí Gafar tó gbọ́ ìró sílípáàsì rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó sáré ká ìborùn náà. Igun kan ti lẹ̀ mọ́ etí gíláàsì níbi tí gọ́ọ̀mù díẹ̀ ti yọ jáde. Ó fà á, ó ṣí kúrò, ó sì sá a padà sórí okùn. Ó ti gíláàsì sábẹ́ òjìji táńkì.

"Ten minutes?" ni Oyèṣọlá bi í, ó ń mí hẹlẹ.

"Ten minutes gééré."

Obìnrin náà mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ bí ó ṣe ń kọ gbogbo nǹkan: *Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oòrùn gangan. G. ló ṣọ́ ọ.*

Nígbà tó di agogo mẹ́rin, wọ́n jókòó ní pálọ̀, wọ́n so wáyà mọ́ gíláàsì náà. Àpótí iná tí Gafar fúnra rẹ̀ fi òkú UPS kọ́ ni wọ́n ń lò. Gafar fẹ̀yìn tì. Gọ́ọ̀mù náà ti le, ìyẹn yà á lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì tó le kì í ṣe gíláàsì tó dáa. Oyèṣọlá ń yí kókó ara àpótí náà díẹ̀díẹ̀, ó ń kà á sókè. Márùn-ún. Mẹ́jọ. Mẹ́wàá. Ní mọ́kànlá, funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Nígbà tó dé mẹ́tàlá, Gafar wo inú gíláàsì náà, ó sì rí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí àwọn ọjọ́ inú rẹ̀ débi pé ó lè kà wọ́n.

Oyèṣọlá kígbe. Ó fò mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lu ẹ̀yìn rẹ̀ gbà-gbà-gbà. "Thirteen! Daddy Faridah, thirteen!"

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gafar dì mọ́ ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lórí gíláàsì náà láti orí èjìká obìnrin náà. Ó ti yé e. Onímọ̀ ni, kò pẹ́ kó tó yé e. Oòrùn tó gba inú aṣọ kọjá kò lágbára, gọ́ọ̀mù fara balẹ̀ kó tó le, àwọn ẹ̀kán ráàyè tóbi, ẹ̀kán tó bá sì tóbi kì í fẹ́ iná púpọ̀. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wá a, kò rí i. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣe ibi ló rí i, ìyàwó rẹ̀ ló sì rí i fún.

Ká ní ó sọ ọ́ nígbà náà! Ká ní ó tiẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀! Kò sọ ọ́.

Oyèṣọlá pe Prof lórí fóònù. Prof pariwo débi pé Gafar gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni Prof sọ ohun tí gbogbo wọn mọ̀ pé yóò sọ: "Ó dáa. Ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó po àpòpọ̀ kan náà, ó tẹ́ ẹ sórí pákó kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oòrùn gangan, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí. Fóltì méjìdínlógójì. Ó tún ṣe é: márùndínláàádọ́ta. Ó ṣe é ní ìgbà mọ́kànlá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orin imú dákẹ́. Ó rù, ọrùn rẹ̀ gùn. Bí Faridah bá pè é, ó di ìgbà kẹta kó tó dáhùn. Ó ń ka ìwé àkọsílẹ̀ náà bí ẹni pé lẹ́tà ìyá rẹ̀ ni, ó ń wá ibi tó ti ṣìnà, kò sì mọ̀ pé irọ́ ọkọ òun ni òun ń kà.

Ẹ má rò pé inú Gafar kò dùn. Ó dùn. Ó dùn bí ìgbà tí èèyàn ń họ ibi tó ń yún un tó sì mọ̀ pé á di egbò. Ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, á gbọ́ tí fóònù Oyèṣọlá bá dún, á gbọ́ "Yes, Prof. Rárá o, Prof," ẹnu rẹ̀ á sì tún pa dé.

Nígbà tó yá, Prof fún wọn ní gbèdéke. Lẹ́tà Japan gbọ́dọ̀ lọ ní ọjọ́ Ajé. Òun fúnra òun yóò wá sí Alápẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kí òun fi ojú ara òun rí i. Bí ti Oyèṣọlá bá tún kọ̀, orúkọ Gafar ni òun yóò kọ, nítorí gíláàsì Gafar ń jẹ fóltì méjìdínlọ́gbọ̀n, kò pọ̀ jù, kò dín jù, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe lónìí náà ló ń ṣe lọ́la. "Madam, má bínú," ló wí. "Ohun tí a kò lè ṣe lẹ́ẹ̀kejì, àlá ni."

Ẹ rí i pé kò sí ohun tí Gafar ní láti ṣe mọ́. Kó ṣáà dákẹ́, Japan ti dọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlara kì í jẹ àjẹyó. Ó fẹ́ lọ, kò sì fẹ́ lọ bí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò. Ó fẹ́ kí Prof na ọwọ́ méjèèjì sí òun náà.

Ní ọjọ́bọ̀, tí Oyèṣọlá ti lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Gafar dá wà nílé. Ó po àpòpọ̀ tirẹ̀, ó gòkè lọ sórí pèpéle. Aṣọ tó lè fi bo gíláàsì náà pọ̀ nínú ilé: aṣọ ibùsùn wà, tówẹ̀lì wà, síńgílẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni kéèyàn yí padà lẹ́ẹ̀kan, ìyókù, bó ṣe rí lánàá ni kó rí lónìí. Olè mìíràn ì bá mú aṣọ tó bá rí. Olè onímọ̀ lọ tú àpótí aṣọ ọmọ rẹ̀ títí tó fi rí ìborùn ọjọ́ náà gan-an, èyí tí wáyà tí wọ́n fi ṣe okùn ìsáṣọ ti fi àmì ìpẹtà sí létí. Ó tẹ́ ẹ bò ó. Ogójì ìṣẹ́jú.

Fóltì méjìlá.

Ó jókòó sórí àga, ó rẹ́rìn-ín nìkan nínú ilé. Ó fi tíṣù wé gíláàsì náà, ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ àwọn ṣòkòtò rẹ̀. Bí ti Oyèṣọlá bá kọ̀ ní Sátidé, òun á wú ikọ́ díẹ̀, á ní, "Prof, èmi náà ti ń gbìyànjú nǹkan kan."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, NEPA mú iná wá, Oyèṣọlá sì gbé áyọ́ọ̀nù jáde. Gafar ń ka ìwé ìròyìn lórí àga. Obìnrin náà ti lọ aṣọ bíi mélòó kan kó tó sọ̀rọ̀.

"Daddy Faridah."

"Hẹn?"

"Ọjọ́ omi yẹn. Ṣé ten minutes náà ni lóòótọ́?"

"Ten minutes tí mo sọ fún ẹ náà ni."

"Kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ rí lókè níbẹ̀, tí mi ò kọ sílẹ̀? Bó ti wù kó kéré mọ. Mi ò ní bínú."

Gafar gbé ojú sókè. Obìnrin náà kò wò ó. Ó gbé áyọ́ọ̀nù ró, ọwọ́ rẹ̀ kejì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, kò sì mira. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun Gafar. Mo búra fún yín, ó dé ibẹ̀. Ó ku kí ó ya ẹnu. Ó wá rántí ọwọ́ méjì Prof, ó gbé e mì.

"Kò sí," ló wí. "Kò sí nǹkan kan."

"Ó dáa," ni Oyèṣọlá wí, ó sì ń bá aṣọ rẹ̀ lọ.

Prof dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé láti ilé rẹ̀ ní Anthony, ó dé fìlà tó ní ìbòjú oòrùn níwájú, ó ń làágùn. Wọ́n gbé báákẹ́ẹ̀tì dojú dé fún un lórí pèpéle kó fi jókòó. Gafar dúró ti táńkì, gíláàsì tirẹ̀ wà lápò ṣòkòtò rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di agogo méjìlá gééré, Oyèṣọlá tẹ́ gíláàsì sórí pákó. Ó to ọmọrí ìgò mẹ́rin yí i ká. Lẹ́yìn náà, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìborùn Faridah jáde, ó ti lọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì tẹ́ ẹ lé orí àwọn ọmọrí ìgò náà.

Gafar yọ ọwọ́ lápò, ó sì tún tì í bọ̀ ọ́.

"Kí wá nìyẹn?" ni Prof bèèrè.

"Ìborùn ọmọ wa ni, sà. Òun nìkan ni mo yí padà. Òun àti àsìkò. Forty minutes ló máa lò, iye àsìkò tí mo fi tò fún omi lọ́jọ́ náà."

Prof wo aṣọ náà, ó wo oòrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Oòrùn kékeré," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Ẹ̀kán ńlá. Olúwa mi o. Ẹ̀kán ńlá!"

Ogójì ìṣẹ́jú náà gùn fún Gafar ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Nígbà tí wọ́n so wáyà mọ́ gíláàsì, tí Oyèṣọlá yí kókó, funfun náà ṣí ní mọ́kànlá, ó sì mọ́ ní mẹ́tàlá. Prof dìde lórí báákẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Madam! Báwo lo ṣe rí i?"

"Daddy Faridah ló kọ́ mi, sà," ni Oyèṣọlá dáhùn. "Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo lọ pọnmi, àwọn ló da ìborùn bò ó."

Prof yí padà pátá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Gafar. "Gafar! O mọ̀ ọ́n, o sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ìyàwó ẹ lè fúnra ẹ̀ wá a rí? Èmi ì bá ti jẹ́wọ́. Olùkọ́ gidi ni ẹ́, wallahi." Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń jù ú. Ọwọ́ kan Gafar wà lọ́wọ́ Prof, èkejì ṣì wà lápò.

Prof lọ. Orúkọ Oyèṣọlá ni yóò wà nínú lẹ́tà lọ́jọ́ Ajé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ mọ́tò. Tọkọtaya náà padà sórí pèpéle láti kó ẹrù wọn. Oyèṣọlá na ìborùn náà sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ kàn án níbí."

Gafar fọwọ́ kàn án. Ó le bí èékánná.

"Ti ọjọ́ omi nìyẹn. Gọ́ọ̀mù wa ni. Mo rí i lánàá nígbà tí mò ń lọ̀ ọ́, áyọ́ọ̀nù ò gbà á. Ó ti pupa, ó ti pẹ́ níbẹ̀." Ó yí igun kejì sókè. "Ẹ wá fọwọ́ kan ibí. Èyí ò tíì pupa. Ọ̀sẹ̀ yìí ni. Tòní ò kan aṣọ rárá, mo fi ọmọrí ìgò gbé e sókè. Lánàá tí mo bi yín, tí ẹ ní kò sí nǹkan kan, méjèèjì wà lábẹ́ ọwọ́ mi."

Gafar tún fi ìka ra igun náà.

"Gíláàsì kejì dà?" ni Oyèṣọlá bèèrè, ó sì na àtẹ́lẹwọ́.

Gafar mú gíláàsì náà jáde lápò, ó gbé e lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú tíṣù rẹ̀. Obìnrin náà tú u, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ṣe máa ń yẹ gbogbo iṣẹ́ wò.

"Fóltì mélòó?"

"Méjìlá."

Oyèṣọlá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ojú ewé ọjọ́ omi. Ó fa ìlà sórí *ìṣẹ́jú mẹ́wàá*, ó fa ìlà sórí *oòrùn gangan*, ó kọ ohun tó jẹ́ òtítọ́ sókè wọn. Ó wá ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Méjìlá. G.* Ó wo nọ́ńbà náà.

"Ó fi ọ̀kan dára ju tèmi lọ," ló wí.

Ẹ wò ó, ojú ń ti Gafar lọ́jọ́ náà débi pé ó fẹ́ kí pèpéle là kó gbé òun mì. Gbogbo ohun tó fẹ́ ti bọ́, ìyàwó rẹ̀ ti rí ìdí inú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, inú rẹ̀ dùn. Kò ju ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ó dùn, Oyèṣọlá sì rí i lójú rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó ká ìborùn ọmọ rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.